Ọ̀gá Ọkọ̀ Ní Kò Sí Àyè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe inú rẹ̀. Ọwọ́ mi mọ igbá tí a fi ń yan gaàrí ju bó ṣe mọ báírò lọ, ilé ìwé tí mo lọ kò sì pẹ́ tó èyí tó ń sọ èèyàn di òǹkọ̀wé. Bí mo ṣe ń ro ó nínú ara mi ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, bó bá rí wúruwùru, ẹ bá mi tò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń há mi lọ́fun. Ti ọwọ́ sàn díẹ̀, torí ìwé kì í wo èèyàn lójú.

Ọdún kan péré ni mo fẹ́ sọ. Nílé wa, a kì í fi nọ́ńbà pe ọdún. Ọdún tí Àǹtí Rábì gbé tẹlifíṣọ̀n dé ni gbogbo wa ń pè é títí di òní. Ìsúndúnrin ni ilé wa wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó já sí oko. Ní ìdájí, ohùn Bàbá Àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n á máa kírun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú yàrá ni Ìyá Àgbà á ti máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà da ìrun rú, bí ìrun bá sì ti parí, orin á lọ sókè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ẹ̀sìn ọ̀tọ̀, ìkòkò kan náà. Lẹ́yìn orin ni ìgbálẹ̀ á máa dún nílẹ̀ àgbàlá, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ọ̀bẹ á máa ha ara ẹ̀gẹ́, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, torí iṣẹ́ gaàrí ni Màmá mi ń ṣe, ojúmọ́ kan ò mọ́ kí èèpo ẹ̀gẹ́ má kún iwájú ilé wa. Èmi ni mo máa ń kó èèpo náà fún ewúrẹ́. Iṣẹ́ tó wù mí jù nìyẹn, ewúrẹ́ kì í béèrè pé kí ló ṣe mí tí n kì í sọ̀rọ̀.

N kì í sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe pé mo yadi. Bí ó bá di pé kí n dá èèyàn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà á wà lẹ́nu mi, á gbóná, á tutù, kí n tó rí i tú jáde, ẹni tó bi mí á ti kọjá lọ. Àwọn àgbà ilé ní kò burú, pé ọmọ tí kò bá yára sọ̀rọ̀ kì í yára ṣì í sọ. Yàrá Ìyá Àgbà ni mo ń sùn. Bí wọ́n bá ta jí, wọ́n á pè mí: “Àṣàkẹ́, o wà níbẹ̀?” Èmi á fi ọwọ́ gbá ẹní, pá, pá. Wọ́n á ní, “Ó dáa,” wọ́n á sì padà sùn.

Àǹtí Rábì ni ọmọ tí Ìyá Àgbà bí kẹ́yìn, àbúrò bàbá mi. Wọ́n ti wà ní Àbíjàn láti ìgbà tí wọn kò tíì lọ́kọ, wọn kò sì tíì bímọ. Àwa ará agbègbè Ẹ̀jìgbò, bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé la ṣe mọ Àbíjàn. Ilé tí kò ní ẹnì kan níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ọmọ Ìyá Àgbà ló ti lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bàbá mi, tí àwọn náà ń ṣe bíríkìlà ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé ìparí oṣù ni wọ́n ń wálé, tí wọ́n sì ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ ilé sọ́wọ́ ìyá wọn. Ọjọ́ tí Àǹtí dé, orí ọ̀kadà ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá láti Ẹ̀jìgbò, tẹlifíṣọ̀n wà láyà wọn, wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ìyá Àgbà kígbe pé, “Rábì, o bímọ!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiwọn tètè tán. Ìyá Àgbà rí i, mo sì rí i pé wọ́n rí i, torí wọ́n yára gba ẹrù náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ki Àǹtí ní oríkì títí wọ́n fi wọlé.

Àǹtí kó oúnjẹ tuntun dé pẹ̀lú. Wọ́n gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ Màmá mi, wọ́n rin ín, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n wá fi ooru omi gbígbóná sè é, wọ́n pè é ní atiẹkẹ́, wọ́n fi ẹja díndín àti àlùbọ́sà gígé lé e lórí. Ìyá Àgbà tọ́ ọ wò.

“Rábì, gaàrí yìí ò tíì jinná.”

“Màámi, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn.”

“Ta ni wọ́n?”

“Àwọn ará Àbíjàn.”

“Wọn ò nígi ìdáná ni?”

Bàbá Àgbà jẹ tiwọn tán, wọ́n tún bù sí i, wọ́n ní kó má baà ṣòfò ni. Títí di òní, bí mo bá ń yan gaàrí tí ooru rẹ̀ gbá mi lójú, mo máa ń rántí ẹnu Bàbá Àgbà tó ń yọ egungun ẹja, ojú wọn ò kúrò nínú àwo.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni a máa ń wo tẹlifíṣọ̀n náà, torí ọjọ́ yẹn ni a kì í lọ sóko, ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Àgbà gbà kí wọ́n fa jẹnẹrétọ̀. Orí àpò gaàrí méjì ni wọ́n gbé e kà. Ìyá Jímọ̀ tó wà ní ilé kejì á gbé àpótí tiwọn wá, àwọn ọmọdé á jókòó sílẹ̀, Ìyá Àgbà á gbé igbá ẹ̀gúsí sí àárín ẹsẹ̀, wọ́n á máa pa á. Eré àwọn òyìnbó àtijọ́ kan ni Àǹtí kó bọ̀. Àwòrán rẹ̀ ti ṣá, ó pọ́n bí omi àgbàrá. Àwọn èèyàn kan ló wọ ọkọ̀ tó ń fò kọjá òṣùpá, torí òjò ò rọ̀ mọ́ ní ayé tiwọn, wọ́n wá ń wá ayé mìíràn tí omi wà. Ọkọ̀ náà rí bí agbada gaàrí tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dá ṣí, ó ń dún kùúùṣì. Ọ̀gá ọkọ̀ jẹ́ ọkùnrin apárí kan tí kì í gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn, bí àwọn olùkọ́ wa. Ọmọbìnrin kékeré kan tún wà tó sá wọ inú ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sí i, òun ni ọkàn mi bá lọ, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni Àǹtí kó wá, sídíì mẹ́rin. Àwọn yòókù wà ní ilé wọn ní Àbíjàn.

Faransé ni gbogbo wọn ń sọ nínú rẹ̀. Ó yé àwa ọmọdé dáadáa. Àwọn tó ń ti ibí lọ sí Àbíjàn á kọjá Kútọnu, wọ́n á kọjá Tógò, wọ́n á kọjá Gáánà, kí wọ́n tó dé Àbíjàn, Faransé sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀; ó ṣe kedere nígbà náà pé bí èèyàn bá lọ jìnnà tó, Faransé náà ni yóò bá níbẹ̀, òṣùpá sì jìnnà. Mo gbà pé ibi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbíjàn bá dúró sí ni ọkọ̀ alágbada náà ti ń gbéra. Àǹtí Rábì nìkan ló gbọ́ èdè náà, nítorí náà àwọn ló ń ṣe ògbufọ̀. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á kọjú sí wa, bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ti lanu báyìí, wọ́n á ní, “Ó ní…” Wọ́n fún gbogbo wọn ní ohùn tiwọn. Ti ọ̀gá ọkọ̀ nípọn, ti ọmọ yẹn tín-ín-rín.

Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Rábì, bá mi bi wọ́n. Níbi tí wọ́n wà lókè yẹn, ibo ni wọ́n ń kọjú sí kírun?”

Àǹtí wo ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, “Ó ní ibi tí ayé bá ti ń tàn nísàlẹ̀ ni àwọn ń kọjú sí, Bàbá.”

“Ó ní bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá yẹn kàwé.”

Ìyá Jímọ̀ ní ti àwọn, àwọn èèyàn aláwọ̀ aró tí ọkọ̀ náà lọ bá nínú òkè òkúta ni ọ̀rọ̀ wọn ò yé àwọn. “Ta ló rẹ odidi ìlú láró? Ṣé wọn ò ní ìyá tí yóò wẹ̀ wọ́n ni?”

Àsìkò yìí ni ọ̀rọ̀ mi wọ ilé. Àǹtí fẹ́ mú mi lọ sí Àbíjàn kí n máa bá àwọn gbé, kí n máa lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. Bàbá Àgbà ni wọ́n rán sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó ṣe rí nílé wa ni pé ẹnu kan lọmọ ń fi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá dákẹ́, ọmọ ò gbọ́dọ̀ padà lọ dúró níwájú rẹ̀ kó ní ẹ dá mi lóhùn. Ìyẹn ti di àríyànjiyàn, a kì í bá ẹni tó bí wa jiyàn. Ìyá náà, tó bá ti dákẹ́, kò ní fúnra rẹ̀ hú ọ̀rọ̀ náà jáde. Màmá mi jẹ́ ìyàwó ilé, wọn ò dá sí i. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fọ aṣọ mi, wọ́n ká a, wọ́n kó o sí apá kan nínú àpótí, kó jẹ́ pé ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ já sí, aṣọ mọ́. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ lọ. N kò mọ̀ pé ilé wa ò ní bá mi débẹ̀. Sídíì tó kù ni mo ń rò, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yẹn dé ibi tí omi wà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, eré náà padà sí ọjọ́ tí ọ̀gá ọkọ̀ gbéra nílé, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ń sunkún. Àǹtí ní, “Ó ní ẹ má sunkún. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ a jẹ́ kí ojú rẹ̀ là.”

Ìyá Àgbà ń pa ẹ̀gúsí lọ. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé ojú tó là tí kò rí ìyá rẹ̀, kí ló là sí?”

“Màámi, kò lè gbọ́ yín. Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà.”

“Ṣebí ìwọ ń gbọ́ tirẹ̀? Sọ fún un.”

Gbogbo wa pa ẹ̀rín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yíjú sí tẹlifíṣọ̀n lóòótọ́, wọ́n sọ Faransé díẹ̀ sí ọ̀gá ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà. Olórí àwọn aláwọ̀ aró á sọ pé iná kì í kú ní ìlú tòun, pé ilé ìwé wà lẹ́yìn ilé, ẹni tí kò lọ́mọ níbẹ̀ sì máa ń di ìyá fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n bi í léèrè bóyá iná ọ̀hún mọ orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Ìyá Jímọ̀ á ní, “Ẹ gbọ́ ọ! Ìyá Àgbà ti ń bá ará ọ̀run jà!” Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo ẹnu ọ̀gá ọkọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ọkùnrin tí kò mọ̀ wá rí mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa tó bẹ́ẹ̀.

Sídíì kẹrin ni ti ọjọ́ ìkẹyìn. Kò ní pẹ́ mọ́ tí Àǹtí yóò padà. Nínú eré ọjọ́ náà, wọ́n rí ọmọ tó sá wọ ọkọ̀, wọ́n mú un lọ síwájú ọ̀gá. Bó ṣe dúró báyìí ni Ìyá Àgbà rán mi pé kí n lọ gba iyọ̀ wá ní ilé Ìyá Jímọ̀, pé ọmọ wọn wà nílé. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá ọkọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, Àǹtí kò sì túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Ìyá Jímọ̀ ní, “Rábì, kí ló wí? Àbí ó ti di àṣírí?”

Àǹtí gbójú sókè. Ohùn ọ̀gá ọkọ̀ tí wọ́n máa ń lò kọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ó ní kò sí àyè. Ó ní ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ò lè wọ ọkọ̀ àwọn. Ẹni tí kò bá lè sọ pé nǹkan ń dun òun, ó lè kú síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.”

Bàbá Àgbà ní, “Ó tọ̀nà.” Iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà na ọwọ́ gbà á, wọn ò wò mí.

Àǹtí lọ láìmú mi. Wọ́n fún mi ní bàtà kan tó tóbi jù mí lọ, wọ́n ní kí n dàgbà bá a, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí títí ọ̀kadà fi ń kùn. Màmá mi kó aṣọ mi jáde nínú àpótí. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi, n kò sì béèrè, báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè? Ìdí rẹ̀ yé mi. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, ohun tó jẹ́ ìwà mi tẹ́lẹ̀ di àbùkù mi. Bí olùkọ́ bá bi mí ní ìbéèrè ní kíláàsì, mo máa ń rí ọkùnrin apárí yẹn, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń wò mí. Mo dé ilé ìwé girama, n kò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní n kì í dáhùn, pé bóyá n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Mo gbọ́ ọ. Mo padà sídìí agbada lọ́dọ̀ Màmá mi, agbada kò bi mí léèrè ohunkóhun. Bí Àǹtí bá pe Màmá mi láti Àbíjàn, tí wọ́n ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi, mo máa ń kí wọn pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà, mo máa ń dá fóònù padà. Mo rò pé mò ń yọ wọ́n nínú wàhálà ni.

Bí mo ṣe tún rí eré náà nìyí. Lọ́dún yìí, mo lọ gba ṣájà mi ní ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fóònù ní Ẹ̀jìgbò, tó tún máa ń bá èèyàn fi fíìmù sínú mẹ́mórì. Mo rí ọkọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, agbada tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Mo nawọ́ sí i. Ó ní, “Èyí tó ti hu irun funfun yìí? Àǹtí, àwọn bàbá wa ló ń wo eléyìí o! Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì rí òpin rẹ̀.” Mo mi orí pé kó fi sí i bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú èyí, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀ àwòrán.

Òjò rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ò lè sá gaàrí, mo gbé fóònù lọ bá Ìyá Àgbà ní yàrá. Bàbá Àgbà ti papò dà, ó ti pẹ́. Ìyá Àgbà wà, ojú wọn ló ṣú díẹ̀, etí wọn mú bí abẹ. Mo ní, “Ẹ wo àwọn ará ọ̀run yín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sún mọ́ mi lórí ẹní. Ìwé tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ ń yára sáré lọ, mo máa ń dá a dúró, mo máa ń ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó mọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá ka ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ wí, tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, wọ́n á ní, “Rárá o, ohun tó wí kọ́ nìyẹn.” Níbi tí obìnrin yẹn ti ń sunkún, ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ ń sọ fún un ni bí wọ́n yóò ṣe máa pín omi tó kù. Ìyá Àgbà ní, “Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ a jẹ́ kí ojú rẹ̀ là. Mo rántí, mo sì fún un lésì.” Mo rò pé àgbà ló ń ṣe wọ́n. A wò ó títí a fi kan ti ọjọ́ ìkẹyìn. Ọmọ náà dúró níwájú ọ̀gá. N kò fẹ́ wò ó, mo sì fẹ́ wò ó. Mo dá a dúró, mo ka ìwé náà, mo tún un kà. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí ọmọ náà jókòó. Ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo, kó wá jókòó síbẹ̀, kó lè máa rí ìràwọ̀. Ó mú un lọ́wọ́ débẹ̀. Apárí tó ti ń wò mí láti ìgbà èwe mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá ọmọ de bẹ́líìtì.

Mo ní, “Ìyá Àgbà, ó fún un láyè.”

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Wọ́n wá ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Ó fún un láyè, àbí?”

“Àǹtí ní kò sí àyè.”

“Àṣàkẹ́, o rò pé èmi gbà pé òyìnbó tó wà nínú irin ló ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi? Rábì ni mò ń dá lóhùn. Rábì náà mọ̀ pé òun ni mò ń dá lóhùn. Bàbá Àgbà rẹ nìkan ló rò pé ọ̀gá ọkọ̀ kàwé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo fẹ́ béèrè, ó há mi lọ́fun, wọ́n sì dúró dè mí, wọn ò bá mi sọ ọ́. Nígbà tó pẹ́, mo ní, “Kí ló dé tí wọ́n ní torí pé n kì í sọ̀rọ̀?”

Ìyá Àgbà mú ọwọ́ mi. “Iyọ̀ wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Mo rán ọ níṣẹ́ kí o má baà gbọ́ ẹnu mi ni. Bí o ṣe jáde, mo ní, ‘Rábì, bá mi sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ yẹn pé gbogbo ọmọ mi ló ti kó lọ. Eléyìí tó kù ni mo máa ń pè tí mo bá ta jí. Sọ fún un pé èmi ìyá arúgbó ni mo bẹ̀ ẹ́.’ N kò bẹ ọmọ tí mo bí rí, Àṣàkẹ́. Níwájú Bàbá Àgbà rẹ, níwájú Ìyá Jímọ̀. Rábì ò lè wò mí. Ó ti fẹ́ràn rẹ nígbà yẹn, ó ti ra bàtà ilé ìwé fún ọ pàápàá. Ṣé ó máa wá sọ pé ìyá òun bẹ òun ni òun ò ṣe mú ọmọ lọ? Kó fi mí ṣẹ̀sín fún ará ilé? Ó wá ibi tí yóò gbé e kọ́. Ẹnu rẹ ló sún mọ́ ọn.”

N kò mọ̀ pé mò ń sunkún, àfi ìgbà tí wọ́n fi etí ìró wọn nù mí lójú. Wọ́n ní, “Èmi rò pé o ti gbàgbé rẹ̀. O ò sọ nǹkan kan.” Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Èmi ni mo di ọ mú. Má fi sọ́rùn ẹlòmíràn.” N kò lè bínú sí wọn. Mo ń wo ọwọ́ wọn tó ti rọ, mo ń ro Àǹtí Rábì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ohùn ọ̀gá ọkọ̀ bọ́ lẹ́nu wọn. Mo ń ro ọkọ̀ tó gbé wọn padà, gbogbo ọ̀nà yẹn, Kútọnu, Tógò, Gáánà, tí àga ẹ̀gbẹ́ wọn ṣófo. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tí ọjọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ mi. N kò ro ohun tó gbà lọ́wọ́ Àǹtí rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí Màmá mi tó dáná agbada, mo mú fóònù wọn, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo tẹ nọ́ńbà Àǹtí fúnra mi. Ó dún, ó dún.

“Ìyá Àṣàkẹ́, ṣé kò sí o?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ ta ni?”

“Àṣàkẹ́ ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà.”

Mo gbọ́ tí wọ́n gbé nǹkan sílẹ̀. “Ṣé nǹkan ò ṣe ìyá mi?”

“Rárá, mà. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ.”

“Kí ló wá dé, ọmọ mi?”

“Mo kàn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ni.”

N kò sọ ohun tí Ìyá Àgbà wí fún mi. Ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo sọ ti òjò àná fún wọn, mo sọ ti ewúrẹ́ wa tó bí ìbejì, mo sọ bí gaàrí ṣe ń jóná lórí agbada tuntun tí a rà, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n sè lánàá. Àǹtí ń dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Káàdì tán lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo lọ ra òmíràn.